Lésì yín ò yí padà, iná ṣọ́ọ̀bù ni ò mú pupa wá

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Oǹdó ni mò ń gbé, mo wá ra lésì àti gèlè l'Ọ́jà Ọba ní Àkúrẹ́ torí ọjọ́ìbí ọgọ́rin ọdún ìyá ọkọ mi. Àwọ̀ wáìnì làwọn méjèèjì, nínú ṣọ́ọ̀bù wọ́n bára mu bí ìbejì, èmi àti àbúrò mi la jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo délé, mo tẹ́ wọn síta lójú oòrùn, hàà, lésì ti pupa, gèlè dúdú, ó ń ṣe bí elésè àlùkò. Mo pe màmá tó tà á, ó ní òun ò pààrọ̀ nǹkan kan. Èyí tó wá dẹ́rù bà mí jù ni pé nígbà tílẹ̀ ṣú tá a tan iná, wọ́n tún bára mu padà. Ta ló ń parọ́ sà, ojú mi ni, iná ni, àbí aṣọ?

Ẹ kú ìnáwó o àǹtí mi, Ọlọ́run á jẹ́ kí màmá pẹ́ sí i fún wa. Ohun tí mo fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ tún màmá ọlọ́jà yẹn pè, kẹ́ ẹ bá a sọ̀rọ̀ tó dáa, torí òótọ́ ló sọ, kò pààrọ̀ nǹkan kan, ojú yín náà ò sì ní àrùn kankan. Inú mi dùn gan-an pé ẹ sọ ti alẹ́ yẹn, ìyẹn pé wọ́n tún bára mu padà, torí ẹni tó bá fojú sí nǹkan débẹ̀ ti rí ìdajì ìdáhùn fúnra ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn á ti bá ọlọ́jà jà tán kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì níbí ní Àkúrẹ́ kí n tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà, ọ̀dà mọ́tò àti ọ̀dà ilé, wọ́n á gbé mọ́tò wá, màá po ọ̀dà tó máa bá ti ara ẹ̀ mu. Ọ̀rọ̀ yín yìí, mo mọ̀ ọ́n nínú ìwé, owó tó jáde lápò mi ló sì wá kọ́ mi ní apá kejì ẹ̀, màá sọ ìyẹn tó bá yá.

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ ni pé gbogbo wa la gbà pé àwọ̀ wà lára nǹkan bí iyọ̀ ṣe wà nínú ọbẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti fi iyọ̀ sí i, ó ti wà níbẹ̀ nìyẹn, ẹ tọ́ ọ wò lọ́sàn-án, ẹ tọ́ ọ wò lóru, iyọ̀ ni. Àwọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé lésì yín wọ yàrá lóru, ẹ pa iná, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ fi aṣọ dí wíńdò kó ṣókùnkùn birimù. Àwọ̀ wo ni lésì náà ní báyìí? Ẹ máa ní wáìnì ni jàre, pé ẹ kàn ò rí i ni. Èmi ń sọ fún yín pé kò ní àwọ̀ kankan nínú òkùnkùn yẹn. Ohun tó ní ni ìwà, bó ṣe máa ṣe sí ìmọ́lẹ̀ tó bá bà lé e, tí ìmọ́lẹ̀ ò bá sì bà lé e, ìwà yẹn ò rí nǹkan ṣe.

Ìwà náà sì ni pé aṣọ ń jẹ ìmọ́lẹ̀. Ó ń gbé e mì lóòótọ́ ni o, èyí tó gbé mì á di ooru lára ẹ̀, èyí tí ò bá jẹ, á dá a padà, èyí tó dá padà yẹn ló wọ ojú yín, òun lẹ̀ ń pè ní àwọ̀. Àjẹkù ìmọ́lẹ̀ ni àwọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí nǹkan tó pupa, ohun tẹ́ ẹ rí ni pé nǹkan yẹn ti jẹ búlúù, ó ti jẹ àwọ̀ ewé, ó wá kọ pupa, ó ní òun ò jẹ ẹ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ yé e fúnra mi, lọ́mọ ilé ìwé, odindi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń wo ewé igi bíi pé mi ò rí ewé rí, torí pé gíríìnì tá a fi ń pe orúkọ ewé, òun gan-an ni ewé ò fẹ́.

Kẹ́ ẹ tó lè gba ọ̀rọ̀ jíjẹ yìí gbọ́, ẹ ní láti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn tá à ń pè ní funfun kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Isaac Newton, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló fi í hàn kedere ní nǹkan bí ọdún 1666. Ó ti wíńdò yàrá ẹ̀ pa, ó dá ihò kékeré kan sí i, ó gbé gíláàsì onígun mẹ́ta sójú ìmọ́lẹ̀ tó gba ihò yẹn wọlé, ìmọ́lẹ̀ náà sì tú ká sára ògiri, pupa, àwọ̀ ọsàn, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, búlúù, títí dé fáyólẹ́ẹ̀tì. Àwọn èèyàn ìgbà yẹn gbà pé gíláàsì ló ń kun ìmọ́lẹ̀, òun wá mú ẹyọ àwọ̀ kan nínú ẹ̀, ó gbé e gba inú gíláàsì kejì, tó bá jẹ́ pupa ló wọlé, pupa náà ló ń jáde, gíláàsì kejì ò rí i kùn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1672. Òṣùmàrè tó máa ń yọ lókè Ìdànrè lẹ́yìn òjò, iṣẹ́ kan náà ni, ẹ̀kán òjò ló dípò gíláàsì.

Ohun tó ya àwọn àwọ̀ yẹn sọ́tọ̀ ni gígùn ìgbì wọn, torí ìmọ́lẹ̀ ń rìn bí ìgbì omi. Ti pupa tó nǹkan bí 700 nánómítà, ti fáyólẹ́ẹ̀tì nǹkan bí 400. Kẹ́ ẹ mọ bí nánómítà ṣe kéré tó, ẹ gé mìlímítà kan sọ́nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan nínú ẹ̀ ni. Ìgbì pupa bí ọgọ́rùn-ún lẹ máa tò kó tó fẹ̀ tó irun orí kan. Àárín 400 sí 700 yìí ni gbogbo àwọ̀ tó wà nínú òṣùmàrè wà, ìwọ̀nba àlàfo tín-ín-rín yẹn ni gbogbo ọjà aṣọ ń ná.

Dáì tó wà lára aṣọ wá ń yan ohun tó máa jẹ níbẹ̀. Inú dáì, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, ìyẹn àwọn nǹkan wínníwínní inú átọ́ọ̀mù, wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ìwọ̀n agbára kan pàtó ni wọ́n lè gbà, ìgbì tó bá gbé ìwọ̀n yẹn wá, wọ́n á gbà á, ìgbì tí ò bá gbé e wá, wọ́n á jẹ́ kó máa lọ. Tẹ́ ẹ bá yí dáì yẹn padà díẹ̀, oúnjẹ tó ń wù ú á yí padà. Ẹ bi ìyá aláró kankan, aṣọ tí wọ́n rẹ sínú aró elú, tí wọ́n bá kọ́kọ́ fà á jáde nínú ìkòkò, yẹ́lò tó fẹ́ jọ ewé ló máa ń rí, ó di ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i kó tó di búlúù lójú yín báyìí. Kò sẹ́ni tó bù dáì mìíràn sí i o, ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló tún dáì yẹn ṣe, ó kúrò lẹ́ni tó ń jẹ apá fáyólẹ́ẹ̀tì, ó di ẹni tó ń jẹ apá àwọ̀ ọsàn, ní nǹkan bí 600 nánómítà, búlúù wá ku àjẹkù. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju gbogbo ẹ̀rọ tó wà ní làbù lọ, torí gbogbo ẹ̀kọ́ kẹ́mísìrì àti físíìsì tó wà nídìí àwọ̀ ló wà nínú ìkòkò kan lẹ́yìnkùlé.

Ewé pẹ̀lú. Klorofíìlì, ìyẹn dáì tó wà nínú ewé, ń jẹ fáyólẹ́ẹ̀tì sí búlúù ní nǹkan bí 430, ó tún ń jẹ pupa ní nǹkan bí 660, àárín ló ń fi sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń gba títì Àkúrẹ́ sí Oǹdó lásìkò ìkórè kòkó, ẹ ẹ́ rí èso kòkó tó ti pọ́n di yẹ́lò láàárín àwọn tó ṣì tutù, klorofíìlì ló túká tó jẹ́ kí àwọn dáì yẹ́lò tó ti wà nísàlẹ̀ ráyè jáde, àwọn yẹn búlúù nìkan ni wọ́n ń jẹ. Irú dáì yẹn náà ló wà nínú epo pupa, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí a bá gbé epo kaná láti blíìṣì ẹ̀ fún ọbẹ̀ ayamáṣẹ, tó bá pẹ́ lórí iná, pupa ẹ̀ á lọ, iná ti ba ẹnu tó fi ń jẹ búlúù jẹ́.

Ibí yìí ni mo ti máa ń bá àwọn tó ní èdè wa ò mọ àwọ̀ jiyàn. Wọ́n á ní Yorùbá pe ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n ní pupa, ó pe epo ní pupa, ó pe ilẹ̀ ní pupa, ó pe èèyàn ní pupa, pé ṣé ìkan náà ni wọ́n ni. Mo ní ẹ gbé wọn síwájú ẹ̀rọ tó ń wọn àwọ̀, ẹ máa rí i pé apá búlúù ni gbogbo wọn ń jẹ jù, apá tí ìgbì ẹ̀ gùn ni wọ́n ń dá padà jù. Ilẹ̀ pupa wa yìí àti ìpẹtà tó wà lórí páànù àwọn ilé àtijọ́ ní Àkúrẹ́, irin tó ti gba ọ́síjìn sára ló wà nínú méjèèjì. Ẹni tó kó gbogbo wọn sábẹ́ orúkọ kan ríran dáadáa. Tó bá sì fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀, ó ní ọ̀rọ̀ fún un, pupa fòò, pupa rúsúrúsú, àwọ̀ ọsàn, ẹ̀yin náà ẹ pe elésè àlùkò lórúkọ ẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́rọ̀ lésì. Mo ní aṣọ á jẹ díẹ̀, á dá díẹ̀ padà. Àmọ́ kò lè dá ohun tí wọn ò fún un padà. Tẹ́ ẹ bá fún ọmọ ní 500 náírà kó lọ ra búrẹ́dì, ṣéńjì 700 ò lè bá a délé láé, bó ti wù kó jẹ́ ọmọ gidi tó. Aṣọ lọmọ yẹn, iná ló fún un lówó.

Oòrùn ọ̀sán máa ń fún aṣọ ní gbogbo ẹ̀, ó fẹ́ dọ́gba láti búlúù dé pupa. Gílóòbù àtijọ́ yẹn, aláwọ̀ yẹ́lò tó máa ń gbóná, pupa àti yẹ́lò pọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀, búlúù ṣọ̀wọ́n lọ́wọ́ ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ọkùnrin fi máa ń wọ ṣòkòtò neefí búlúù lábẹ́ iná yẹn ní ìdájí tó rò pé dúdú ni, ó di ṣọ́ọ̀ṣì kó tó mọ̀. Gílóòbù LED funfun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù gbogbo báyìí, ẹ máa gbọ́ o, iná búlúù kékeré ló wà nínú ẹ̀, ní nǹkan bí 450 nánómítà, wọ́n wá fi ìyẹ̀fun yẹ́lò bò ó lójú, ìyẹ̀fun yẹn ń jẹ lára búlúù, ó ń sọ ọ́ di yẹ́lò, búlúù tó ṣẹ́kù àti yẹ́lò yẹn ló jọ wọ ojú wa tá a fi rò pé funfun ni. Ẹ wo èyí tí wọ́n pa iná ẹ̀ tí ìbòrí ẹ̀ ti já, ẹ máa rí yẹ́lò yẹn lójú ẹ̀ kedere. Funfun ẹ̀ tàn lóòótọ́, àmọ́ pupa tó jìn, láti bíi 650 lọ sókè, kò sí i nínú ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, pàápàá àwọn olówó pọ́ọ́kú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí yín nìyẹn. Dáì tó wà lára lésì yín máa ń dá pupa tó jìn yẹn padà lọ́pọ̀lọpọ̀, dáì tó wà lára gèlè ń jẹ ẹ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù, iná ò gbé pupa jíjìn wá, torí náà lésì ò rí i dá padà, gèlè ò rí i jẹ, ìyókù tí wọ́n ń dá padà wá bára mu. Ẹ gbé wọn délé lójú oòrùn, oòrùn da pupa jíjìn lé wọn lórí, lésì gbá a padà sí yín lójú, gèlè gbé tiẹ̀ mì. Ilẹ̀ ṣú, ẹ tan LED ilé yín, pupa yẹn tún wọ́n, wọ́n tún di ìbejì. Orúkọ tí àwa tó ń po ọ̀dà ń pè é ni metamerism, ó sì ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ tú ká láàárín oníbàárà àti ọlọ́jà.

Ẹ lè bi mí pé báwo ni dáì méjì tí oúnjẹ wọn yàtọ̀ ṣe lè bára mu rárá, kódà lábẹ́ iná kan. Ojú wa ló fà á. Gbogbo ìgbì láti 400 sí 700, irú sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré ló ń ka àwọ̀ fún wa nínú ojú, ọ̀kan ń gbọ́ ti ìgbì kúkúrú jù, ọ̀kan ti àárín, ọ̀kan ti èyí tó gùn, iye mẹ́ta yẹn nìkan ló ń dé ọpọlọ. Bí ìgbà tí wọ́n bá sọ iye owó ọjà fún yín láìsọ ohun tí wọ́n rà ni, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lè jẹ́ tòmátò, ó lè jẹ́ ata. Ẹ fi ẹ̀kán omi kan sórí fóònù yín níbi tó bá ti funfun tàbí yẹ́lò, ẹ wò ó dáadáa, ẹ máa rí àwọn àmì kékeré pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù. Kò sí yẹ́lò kankan nínú fóònù yẹn! Pupa àti àwọ̀ ewé ló ń tàn pọ̀ tí ojú ń kà á sí yẹ́lò. (Àwọn ọmọ máa ń bi mí pé kí ló dé tí ọ̀dà pupa àti ọ̀dà gíríìnì ò ṣe di yẹ́lò tí mo bá pò wọ́n, ó di bíi ẹrẹ̀. Fóònù ń fi ìmọ́lẹ̀ kún ìmọ́lẹ̀, ọ̀dà méjì tá a pò pọ̀ ń jẹ nínú abọ́ kan náà ni, kí ni yóò ṣẹ́ kù.)

Lésì àti gèlè kì í sì í sábà jẹ́ irú òwú kan náà. Dáì tó ń mú pólíẹ́sítà kì í mú kọ́tìnnì, ilé iṣẹ́ tó ṣe ìkan lè má mọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ìkejì. Wọ́n kàn gbà pé wáìnì ni àwọn méjèèjì, oníkálukú wá fi ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ ṣe wáìnì tiẹ̀.

Mo ní màá sọ bí mo ṣe fi owó mi kọ́ ọ. Ọkùnrin kan gbé mọ́tò wáìnì wá, wọ́n ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀ kan, ó fẹ́ lọ sí Bìní ní ìdájí ọjọ́ kejì, ó ń kánjú, èmi náà sì fẹ́ kó tètè lọ. Aago méje alẹ́ ni mo ń po ọ̀dà yẹn lábẹ́ iná fúlọ́rẹ́sẹ́ntì gígùn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo pò ó, mo fi sára páálí, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ńnẹ́ẹ̀tì, ó wọlé ṣinṣin, ẹ ò lè rí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Sípíréyà wọ́n ọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni fóònù mi dún, ọkùnrin náà ti dé Ọ̀wọ̀, ó ní ilẹ̀kùn yẹn dà bíi pé wọ́n já a lára mọ́tò ẹlòmíì. Mi ò lè dá a lóhùn. Mo san owó ọ̀dà àti owó sípíréyà fún gbogbo ẹ̀gbẹ́ mọ́tò yẹn látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi dáì pupa mìíràn rọ́pò èyí tí ilé iṣẹ́ mọ́tò lò, iná fúlọ́rẹ́sẹ́ntì yẹn ò sì tàn dọ́gba, ó ń tàn ní ibi mélòó kan pàtó nínú òṣùmàrè, ó ń fo àwọn ibi tó kù, ibi tó fò yẹn gan-an ni pupa méjèèjì ti yàtọ̀ síra. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò fi ọwọ́ sí ọ̀dà kankan lálẹ́ mọ́, kódà kí ẹni náà bẹ̀ mí. Màá gbé e síta lọ́sàn-án, màá tún gbé e wo lábẹ́ iná, ó gbọ́dọ̀ bára mu níbi méjèèjì.

Ẹ dárúkọ elésè àlùkò, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ yẹn ò ní kúrò lọ́kàn mi. Gbogbo wa la mọ àdúrà yẹn, agbe ló laró, àlùkò ló losùn, lékeléke ló lẹfun. Èmi gbà pé ẹni tó to ẹyẹ mẹ́ta yẹn pọ̀ ti wò wọ́n dáadáa, torí ọ̀nà mẹ́ta tí àwọ̀ ń gbà dé ojú èèyàn ló tò síbẹ̀. Pupa ìyẹ́ ìdílé ẹyẹ àlùkò, dáì gidi ni, ó ń jẹ ìmọ́lẹ̀ bí lésì yín ṣe ń jẹ ẹ́, ní 1869 ni Arthur Church, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi hàn pé bàbà wà nínú dáì yẹn, bàbà tí wọ́n fi ń ṣe wáyà iná. Búlúù lára ẹyẹ yàtọ̀ pátápátá, a fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ẹyẹ kan tó ní dáì búlúù lára, nǹkan wínníwínní tí wọ́n tò létòlétò nínú ìyẹ́ ẹ̀ ló wà níbẹ̀, àlàfo àárín wọn ṣe wẹ́kú pẹ̀lú ìgbì búlúù, búlúù á ta padà lágbára, ìyókù á rá sínú dúdú tó wà nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ irú ìyẹ́ bẹ́ẹ̀ kúnná, búlúù ẹ̀ á lọ, nígbà tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá gún osùn títí ilẹ̀ á fi ṣú, osùn á ṣì pupa. Lékeléke ò ní dáì kankan ní tiẹ̀, ìyẹ́ ẹ̀ kàn ń fọ́n gbogbo ìmọ́lẹ̀ ká láìjẹ ìkankan. Ẹfun náà rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn fi máa ń ṣú tí òjò bá pa á, omi wọ inú àlàfo tó wà láàárín hóró ẹfun, ìmọ́lẹ̀ ò fọ́n ká tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ó ń wọlé lọ. Ọ̀dà funfun tó dáa, ìyẹ̀fun funfun kan tí wọ́n ń pè ní títáníọ́ọ̀mù díọ́ksáìdì ló wà nínú ẹ̀, ìyẹn ń fọ́n ìmọ́lẹ̀ ká ju ẹfun lọ fíìfíì, ó sì ń wọ́n, torí ẹ̀ làwọn kan fi ń fi ẹfun lú u, ẹ máa mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ òjò.

Ó wá kù ohun tẹ́ ẹ máa ṣe. Ẹ má gbé lésì padà o, gèlè ni kẹ́ ẹ pààrọ̀, òun ló dínwó. Ẹ gé etí lésì díẹ̀ dání, ẹ lọ bá màmá yẹn lọ́wọ́ ọ̀sán, láàárín aago mọ́kànlá sí méjì, tí oòrùn bá ti ń wọ̀, búlúù ẹ̀ ti fọ́n ká sójú ọ̀run kó tó dé ilẹ̀, gbogbo nǹkan á pupa jù bó ṣe yẹ lọ. Ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ gbé gèlè náà dé ẹnu ọ̀nà, ẹni tó ń ta ojúlówó ò ní bínú. Àmọ́ kẹ́ ẹ má dúró sábẹ́ agboòrùn ńlá aláwọ̀ tí wọ́n ń nà síta ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìmọ́lẹ̀ tó gba inú agboòrùn pupa kọjá, agboòrùn ti jẹ ẹ́ kù. Ẹ wò ó níta, kẹ́ ẹ wá padà wọ inú ṣọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tún wò ó lábẹ́ LED. Èyí tó bá bára mu níbi méjèèjì ni tiyín. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́tò WhatsApp yan àwọ̀ fún yín, fóònù tó ya fọ́tò ti fi ọgbọ́n tiẹ̀ tún àwọ̀ yẹn ṣe, fóònù tó ń wò ó náà á tún un ṣe.

Kẹ́ ẹ tó ná owó yẹn ṣá, ẹ bi ọkọ yín níbo ni ìnáwó ti máa wáyé. Tó bá jẹ́ họ́ọ̀lù ni, lálẹ́, lábẹ́ LED funfun, gèlè tó wà nílẹ̀ yẹn á bá lésì mu wẹ́kú, ẹ ò ní láti ra òmíràn. Tó bá jẹ́ ojúde ilé ni, lọ́sàn-án, ẹ bèèrè àwọ̀ kánópì. Funfun ò ní wàhálà. Tó bá jẹ́ búlúù ni wọ́n ti sanwó ẹ̀, búlúù ni gbogbo aṣọ ẹbí máa máa jẹ àjẹkù ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ gbé lésì àti gèlè lọ sábẹ́ ẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó níbẹ̀ kí télọ̀ tó fi síkísọ̀ kan nǹkan kan.